Ìyá Ìbejì, kí ẹ tó fi owó yẹn ránṣẹ́

Ṣakí,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Mo bá yín kú òtútù Manchester o. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Inú mi dùn gan-an pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lọ́hùn-ún fẹ́ dáwó jọ láti fi kọ́ àwọn ìyá abúlé níṣẹ́. O ní kí n sọ èyí tó dára jù: oyin ni, ìgbín ni, àbí ọṣẹ? Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà. Kí a tó mú ọ̀kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka oṣù. Oṣù mélòó ni ìyá kan máa fi dúró kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé, kí sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ á máa jẹ títí dìgbà náà?

Ẹ wo oyin. Òkè-Ògùn tiwa yìí, ilẹ̀ oyin ni. Igi òrí, igi irú àti kaṣú kò jẹ́ kí òdòdó wọ́n. Láyé àtijọ́, ọdẹ tó bá rí oyin nínú ihò igi, iná ló máa ń sọ sí i. Oyin á kú, igi á jóná, nígbà mìíràn iná náà á wọ oko olóko. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn èèyàn báyìí ni àpótí onígi tí wọ́n to ọ̀pá pẹlẹbẹ lé lórí, irú èyí tí wọ́n ṣe jáde ní Kẹ́ńyà láàárín ọdún 1970 sí 1979. Kò lẹ́rọ nínú, káfíńtà abúlé lè kàn án. Ibi tó ti le ni pé ọ̀pá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 32, torí bí àwọn oyin ilẹ̀ wa ṣe ń to afárá wọn nìyẹn. Tí ọ̀pá bá fẹ̀ jù, wọ́n á mọ afárá náà gba orí ọ̀pá méjì mẹ́ta kọjá, kò sì ní ṣeé gbé láìfọ́.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyàwó ọdẹ kan kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó wọ aṣọ funfun tó bò ó látorí dẹ́sẹ̀, ó ń fín èéfín ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sẹ́nu àpótí díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ọ̀pá àkọ́kọ́ sókè: afárá yọ, ìda ti bo ojú rẹ̀ pátápátá. Ó gé e. Ó gbé èkejì, ìdajì ojú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Ó rọra dá a padà sáyè rẹ̀, torí oyin tí kò tíì gbó máa ń lómi, béèyàn bá fún un, á kan ni. Ọkọ rẹ̀, tó ti ń sọ iná sí oyin láti kékeré, dúró sẹ́yìn wa.

"Wọn ò kú?"

"Wọn ò kú. Wọ́n á tún ṣe òmíràn."

Ìyá Ìbejì, ì bá wù mí kí o rí ojú obìnrin yẹn!

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ti kọjá láàárín ìgbà tí wọ́n gbé àpótí yẹn sígbó àti alẹ́ ọjọ́ náà. Tálákà ò ní oṣù lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ́ṣẹ́ tán, tí wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n á sì padà sídìí iṣẹ́ lébìrà lóko olóko. Àwọn tó wá kọ́ wọn á ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí wọra. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ẹ so iṣẹ́ tó ń pẹ́ mọ́ èyí tó ń yá. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kì í ju oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀ lọ kí wọ́n tó ṣeé já. Ọṣẹ dúdú tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ: eérú, àdín, iná, àti ọwọ́ tó mọ ìgbà tó jinná. Ìyá tó bá ń rówó ẹ̀fọ́ ní gbogbo ọjọ́ ọjà á lè mú sùúrù de oyin. Ti ìgbín, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú igbó. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọ̀dọ̀ wa le jù fún un. Á pa ẹnu ìkarahun rẹ̀ dé, kò ní jẹun, kò ní dàgbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù ni Songhai, oko kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lórílẹ̀-èdè Benin. Fadá Godfrey Nzamujo ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1985, lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan péré. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná. Ìfun adìyẹ tí wọ́n bá pa, eṣinṣin á yé sí i, ìdin rẹ̀ á di oúnjẹ ẹja, omi ẹja ni wọ́n á sì fi bomi rin ẹ̀fọ́. Bí ẹja ṣe ń dàgbà lọ́wọ́, ẹ̀fọ́ ti ń mówó wọlé.

Ẹ̀rọ gààrí kan wà ní abúlé kejì, àwọn kan ló gbé e wá. Bẹ́líìtì rẹ̀ já, wọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni láti tún un ṣe, abẹ́ igi máńgòrò ló wà títí dòní. Ohunkóhun tí ẹ bá máa rà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó lè tún un ṣe wà nítòsí.

Ẹ má sì pín owó fún wọn lọ́wọ́, àjọ ni kí wọ́n dá. Ní ìhà Maradi, lórílẹ̀-èdè Niger, ni CARE, ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́, ti bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ láàárín àwọn obìnrin abúlé lọ́dún 1991: wọ́n ń dáwó, wọ́n ń yá ara wọn pẹ̀lú èlé díẹ̀, wọ́n á sì pín in nígbà tí sáà bá parí. Ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń fi àgádágodo mẹ́ta ti àpótí owó wọn, èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Àwa tá a bá èsúsú nílẹ̀, kò lè ṣàjèjì sí wa.

Tí ẹ bá ṣèpàdé, bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi owó náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: ti irúgbìn ẹ̀fọ́ àti ọṣẹ kọ́kọ́ wá, ti káfíńtà kó dé kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀, torí àwọn ọdẹ ní ìgbà yẹn ni oyin máa ń wá ilé tuntun. Ìyàwó ọdẹ yẹn ti gbà láti kọ́ àwọn tó kù, owó ọkọ̀ nìkan ló ní ká fún òun. Pè mí lẹ́yìn ìpàdé, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó.

Bá mi kí bàbá àwọn ìbejì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Tóbi