Ohun tí kò sí láyé kọ́ là ń pè ní afòyemọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òǹkọ̀wé ń lò gbàǹgbà-gbáǹgbà lóde òní, òun ni "afòyemọ̀". Iwin, ìfẹ́, ẹṣin tó ń fò, gbogbo ohun tí ojú kò bá ti rí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ nìkan ló tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tí ojú kò rí, tí etí kò gbọ́, tí imú, ahọ́n àti ara kò mọ̀, tó jẹ́ pé òye nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n, òun ni afòyemọ̀: ọgbọ́n, òtítọ́, sùúrù, ẹ̀tọ́. Ẹ ṣọ́ra fún atẹ́gùn o. Ojú kò rí i, àmọ́ ara mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe afòyemọ̀. Òórùn àti ariwo náà kì í ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ohun inú àròsọ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ẹṣin oníyẹ̀ẹ́ kò sí láyé, ṣùgbọ́n ó lẹ́sẹ̀, ó nírù, èèyàn lè yà á sínú ìwé kí ọmọdé sì dá a mọ̀. Ohun àròsọ ni, kì í ṣe afòyemọ̀. Ìdájọ́ òdodo ńkọ́? Ó wà, síbẹ̀ ta ló lè yà á? Ẹni tó bá gbìyànjú yóò ya obìnrin tí wọ́n fi aṣọ dì lójú, tó gbé òṣùwọ̀n dání. Àmì rẹ̀ nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ kọ́. Bóyá nǹkan wà tàbí kò sí, ìbéèrè kan nìyẹn. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n, ìbéèrè mìíràn ni.

Àwọn kan tún ní ohun tí kò bá ṣeé kà ni afòyemọ̀. Irọ́ ni. Omi kò ṣeé kà, ọwọ́ sì ń kàn án. Èrò mẹ́ta, ìdí méjì, a kà wọ́n, afòyemọ̀ sì ni wọ́n.

Bí afòyemọ̀ bá ń ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ló máa ń wà: "èrò afòyemọ̀". Kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe bíi "ga" tàbí "tóbi", nítorí náà "afòyemọ̀ ni ìfẹ́" là ń wí. Kò sì gba "jù lọ". Bí èrò kan bá ṣòroó yé, ẹ kúkú sọ pé ó jinlẹ̀.

Ibi tó ń dunni jù ni kí wọ́n to afòyemọ̀ léra: "Ìjọba ń ṣe ìmúgbòòrò ìpèsè ìdáàbòbò." Ta ni wọ́n ń dáàbò bò? Ẹ yọ "ì" iwájú ọ̀rọ̀ kúrò, kí ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún: "Ìjọba fẹ́ túbọ̀ dáàbò bo ará ìlú."

Bákan náà ni "ó ní ìrírí ìbẹ̀rù". Nínú èdè wa, afòyemọ̀ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ṣe nǹkan sí èèyàn: ẹ̀rù bà á, àánú ṣe é, ìyà jẹ ẹ́.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ èdè Yorùbá kan