Orúkọ tí yóò tẹ̀lé Ayọ̀délé

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú Ìyá Àgbà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàámi pẹ̀lú. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ará ilé wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun? Ara ìyàwó mi ti ń le, a dúpẹ́. Ọmọ náà kò fi ọmú ṣeré rárá. Àdìrẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ la fi ń wé e. Òórùn aró ṣì wà lára rẹ̀. Tí mo bá ti gbé imú sí ọmọ lọ́rùn báyìí, Òṣogbo ni mò ń gbọ́, ní àárín Manchester.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Lọ́jọ́ ìkómọ, gbogbo yín sọ ọ́ lórúkọ lórí WhatsApp, orúkọ 11 ni ìyàwó mi kọ sílẹ̀. Ayọ̀délé tí Bàámi sọ ọ́ ló wà níwájú, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ọdún 7 la fi wá ọmọ yìí. Kí là bá tún pè é? Ṣùgbọ́n ọjọ́ 42 ni òfin England fún òbí láti fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ọmọ sì ti pé ọjọ́ 26 lónìí. Òfin ò ní ká má kọ púpọ̀ sí àárín Ayọ̀délé àti orúkọ ìdílé, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré la fẹ́, kí ó lè jẹ́ èyí tó bá a mu gan-an.

Ẹkúndayọ̀ tí àǹtí mi sọ dùn létí mi. Àmọ́ bí a bá gbé e ti Ayọ̀délé, ayọ̀ di méjì, ẹkún sì wà láàárín wọn. N ò fẹ́ rí ẹkún nínú ìwé ọmọ tó gbà wá lọ́wọ́ ẹkún. Ọládélé náà dára, ṣùgbọ́n "délé" á máa tẹ̀lé "délé". Ti Ọ̀ṣúnníyì, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n Bàámi. Orúkọ ìdílé wa ti fi Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀, Ọ̀ṣun méjì á wá wà lórí ìlà kan ṣoṣo. N ò sá fún Yèyé o. Ibi tí ọmọ yìí bá dé láyé, Ọ̀ṣun á bá a débẹ̀.

Àbúrò mi ní ká fi David sí i kó lè rọ àwọn òyìnbó lọ́rùn. Màámi, ẹ rántí pé tíṣà ló fi Samson kún orúkọ mi nígbà tí mo wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé ibí, mo jókòó lọ́dọ̀ dókítà, nọ́ọ̀sì rí orúkọ mi àkọ́kọ́, ó fò ó, ó mú Samson tí ẹnu rẹ̀ mọ̀. "Samson! Samson!" Èmi ń wo ojú fèrèsé. Ìgbà tí mo fi rántí pé èmi ni wọ́n ń pè, ẹlòmíràn ti wọlé. Orúkọ tí ẹnì kankan ò fi gbé mi jó rí! Bí David bá wà níbẹ̀, David ni wọn yóò máa pè, Ayọ̀délé yóò sì kú sínú ìwé.

Oríkì ni mo fẹ́. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, pé oríkì kì í ṣe orúkọ ìta, pé ọmọdé kì í fi pe àgbà. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Níbí, bí orúkọ àárín kì í bá ti ṣe ti òyìnbó, kì í sábà jáde síta. Inú ìwé ìrìnnà ló máa wà jẹ́ẹ́, ilé nìkan la ó ti máa pè é. Ṣé kì í ṣe bí oríkì ṣe yẹ kó wà nìyẹn?

Mo rántí òwúrọ̀ tí mò ń lọ ṣe ìdánwò WAEC. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó yọ pákò lẹ́nu, ó ní, "Àyìndé!" Ó fà á títí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo dúró sí, orí mi wú, mi ò lè gbẹ́sẹ̀. N ò fẹ́ kí ọmọ mi dàgbà láìmọ irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó kan Ìyá Àgbà lọ́jọ́ ìkómọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. A gbọ́ "À", a gbọ́ "ní" tó fi parí rẹ̀. Ìyàwó mi ní Àjàní ni. Etí tèmi gbọ́ bí Àkànní. Ọ̀nà wọn sì jìn síra: Àkànní ni èyí tí a kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a sì ní in; Àjàní ni èyí tí a jà kí a tó ní. Ìyá Àgbà mọ̀ bí a ṣe jà. Lóru, bí mo bá ń gbé ọmọ káàkiri yàrá, mo máa ń pè é: Ayọ̀délé Àjàní. Ayọ̀délé parí sí òkè, Àjàní gbà á nísàlẹ̀, ó tún gbé e sókè padà. Kódà bí àwọn ará ibí bá yọ gbogbo àmì rẹ̀, ọmọ Yorùbá tó bá rí Ajani á kà á bó ṣe yẹ.

Síbẹ̀, n ò ní gba oríkì sọ mọ́ Ìyá Àgbà lẹ́nu. Bí Àkànní ló sọ, Àkànní la ó kọ. Wọ́n ní a lè tún orúkọ ṣe láàárín oṣù 12 tí a bá ti fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo fẹ́ kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí àbúrò mi gba ohùn Ìyá Àgbà sórí fóònù kó fi ránṣẹ́. Kí wọ́n má ṣe kánjú. Kí wọ́n pè é, kí wọ́n sì kì í lọ títí dé orílẹ̀ wa. A máa gbé e sí ọmọ létí kí a tó jáde nílé.

Èmi ọmọ yín,
Àyìndé