Ọmọ Juda

Springfield, Illinois
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ọ̀wàrà

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Tóbi àti àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dun Màmá, ṣé ó ti fúyẹ́? Má bínú pé èsì pẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè.

O bi mí pé báwo làwọn dúdú ibí ṣe ń mọ ẹni tó bí baba ńlá wọn. Ní Sátidé tó kọjá, obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n sin òun lọ sí New Philadelphia, lẹ́bàá Barry. Èmi rò pé ìlú là ń lọ. Koríko ni mo bá! Koríko lọ súà, àti pátákó tí wọ́n kọ ìtàn sí. Ibẹ̀ ni Frank McWorter tẹ̀ dó lọ́dún 1836, nígbà tí apá ibí yìí ṣì jẹ́ ààlà igbó fún wọn. Òun ni dúdú àkọ́kọ́ tá a mọ̀ ní Amẹ́ríkà tó wọn ilẹ̀ ìlú, tó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Pulọ́ọ̀tì 144 ló gé e sí.

Ẹrú ni wọ́n bí i, ní South Carolina, lọ́dún 1777. Juda lorúkọ ìyá rẹ̀. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó o wá. Ọ̀gá Frank mú un lọ sí Kentucky, nígbà tó yá òun fúnra rẹ̀ ṣí lọ sí Tennessee, ó ní kí Frank máa bójú tó oko. Frank ń san owó fún un kó lè ráyè ṣe tara rẹ̀: ó ń wa erùpẹ̀ inú ihò àpáta, ó ń sè é di èròjà ẹ̀tù ìbọn. Ogun 1812 bẹ́ sílẹ̀, ọjà rẹ̀ yá.

Lọ́dún 1817, owó rẹ̀ pé 800 dọ́là. Ìwọ gbọ́ ohun tó fi ṣe: Lucy ìyàwó rẹ̀ ló rà. Lófin wọn, bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú lọmọ, Lucy sì lóyún nínú. Báyìí ni wọ́n ṣe bí ọmọ yẹn sí òmìnira. Ọdún 1819 ló tó san 800 mìíràn lórí ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan sá lọ sí Kánádà; ní 1829 ó fi ibi iṣẹ́ ẹ̀tù rẹ̀ ṣe pààrọ̀ òmìnira ọmọ náà. Nígbà tó kú ní 1854, ìwé ìhágún rẹ̀ ṣì ń pàṣẹ pé kí wọ́n ra àwọn ẹbí rẹ̀ tó kù lóko ẹrú. Èèyàn 16 lápapọ̀, tòun tìkára rẹ̀, nǹkan bí 14,000 dọ́là.

Ìyẹn làwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ fi rí ọ̀nà tọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Orí kọ̀ọ̀kan tó rà ló ní ìwé. Àwa ń ki ara wa ní oríkì, tiwọn, rìsíìtì.

Ẹni tá a jọ lọ ò rí rìsíìtì kankan. 1870 ló ń dí i lọ́nà. Ìkànìyàn ọdún yẹn ló kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ti jẹ́ ẹrú rí. Ní 1850 àti 1860, olówó ẹrú ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Ẹrú di ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀. Nínú ọkọ̀, ó ṣí fóònù, ó fi àtàńpàkò sí ìlà kan: 34, F, B. Ó ní òun rò pé ìyá ìyá àgbà òun nìyẹn. Kò tètè gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Rélùwéè ló sọ ìlú náà di koríko. Ní 1869 ó gba apá àríwá kọjá, ọjà sì bá a lọ. Ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ibẹ̀ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 2022 ni.

A dé ibi sàréè. Mo fẹ́ kí bàbá náà bá a ṣe ń kí àgbà, ọ̀rọ̀ há mi lẹ́nu: ọmọ ta ni kí n pè wọ́n? McWorter, láti ara orúkọ ọ̀gá ni. Ìgbìmọ̀ aṣòfin Illinois ló fòfin fún wọn ní 1837. Mo ní, “Ọmọ Juda, ẹ sùn re o.” Obìnrin náà bi mí ohun tí mo sọ, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní kí n tún un pè.

Bá mi kí Màmá. Mo ti fi àwòrán ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnmi