Ẹ Ka Ọba Kò So Sókè

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Kubwa, Nyanya, Lugbe àti gbogbo agbègbè Àbújá,

Mo kí yín o. Lemọ́lemọ́ ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ìwé eré onítàn àtijọ́ ti le jù. Ẹ ka ojú ewé méjì nínú Ọba Kò So, eré tí Dúró Ládiípọ̀ kọ nípa Ṣàngó ọba Ọ̀yọ́, ẹ pa á dé. Mi ò bá yín wí. Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń kàwé, Hausa lẹ fi ń nájà ní Wuse, Yorùbá tó kù sílé kò fi bẹ́ẹ̀ ju "wá jẹun" àti "lọ sùn" lọ. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ já sí ààfin Ọ̀yọ́ lójijì, orí rẹ̀ á dàrú.

Ṣùgbọ́n etí ni Dúró Ládiípọ̀ ṣe eré yẹn fún. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní Òṣogbo lọ́dún 1963, àwọn èrò ìwòran kò mú ìwé dání. Ìlù, orin àti oríkì ni wọ́n gbọ́. Lọ́dún 1964, wọ́n gbé e lọ sí Berlin ní Jámánì, níwájú àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, ó sì gbayì níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kó ara yín jọ lọ́jọ́ Sátidé kan, kí ẹ pín ipa. Ẹnì kan á ṣe Ṣàngó, ẹnì kan Gbọ̀nkáà, ẹnì kan Tìmì, ẹnì kan Ọya, àwọn tó kù á di ará ìlú. Kí àgbà kan kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún yín: Ṣàngó ní akọni méjì tí agbára wọn ti ń ba òun gan-an lẹ́rù. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, ó tún rán Gbọ̀nkáà tẹ̀ lé e pé kó lọ mú un wá. Gbọ̀nkáà ló borí. Wọ́n fẹ́ dáná sun ún, iná kò ràn án, ọ̀ràn wá di ti ọba fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ọ̀rọ̀ tí kò yé yín kò ní dá yín dúró.

Ìjà Ẹdẹ ni kí ẹ pẹ́ sí jù. Ọfà iná wà lọ́wọ́ Tìmì, ọfọ̀ ni Gbọ̀nkáà fi mú un, oorun sì gbé e lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọfọ̀ yẹn di Yorùbá ojú pópó, ó ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ Gbọ̀nkáà nìyẹn. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta láì béèrè ìtumọ̀ kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín lórí fóònù, kí ẹ kà á sí wọn létí. Wọn á tún ohùn yín ṣe, bóyá wọ́n á sì fi tiwọn kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Zaria tàbí Kano, ẹ ti rí àwọn marọ́kà, àwọn tó ń fi Hausa ki ọba, níwájú ẹ́míà lọ́jọ́ Iléyá. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn kọ́ ló ń yé yín, síbẹ̀ ẹ máa ń dúró gbọ́ wọn. Ẹ fún Ṣàngó náà ní sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ń dùn mí. Shakespeare kú lọ́dún 1616, ẹ sì ń forí tì í nítorí WAEC. Ẹ má fi í sílẹ̀ o. Orí ìtàgé ni òun náà kọ tirẹ̀ fún, kíkà sókè ló sì yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún 1978 ni Ládiípọ̀ kú. Púpọ̀ nínú àwọn òbí yín ti dáyé nígbà náà. Báwo ni tirẹ̀ ṣe wá di ti ayé ọjọ́un lójú yín?

Bí ẹ bá parí Ọba Kò So, ẹ bọ́ sórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa Ìyálóde Ìbàdàn. Èdè tirẹ̀ kò ta kókó tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má lé àwọn àbúrò yín síta nígbà tí ẹ bá ń kà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbe orin.

Èmi ni bàbá yín ní Kubwa.