Ìkéde Fún Àwọn Òbí: Ìwé Kíkà Ìgbà Ọlidé

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ wa ní Peckham, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o.

Ọlidé dé, àwọn ọmọ yóò wà nílé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Eré ìdárayá ni Summer Reading Challenge, ètò ìwé kíkà fún àwọn ọmọdé, ti ọdún 2023 dá lé lórí ní àwọn ilé ìkàwé ìjọba. Ready, Set, Read! ni wọ́n pè é. Ọmọ ọdún 4 sí 11 ló wà fún, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìwé tó bá wu ọmọ ni kó mú, ìwé aláwòrán náà wà níbẹ̀.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ ju eré ìdárayá lọ, ẹ bá a wá ìwé tó sọ ìtàn Bukayo Saka, agbábọ́ọ̀lù, tàbí ti Anthony Joshua, akànṣẹ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ góòlù Òlíḿpíìkì ní London lọ́dún 2012. Ọmọ wa ni àwọn méjèèjì.

Aago 11 àárọ̀ Sátidé ni ká pàdé níwájú Peckham Library. Ọmọ tí kò bá ní káàdì, kí òbí rẹ̀ bá a wọlé lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já ọmọ sílẹ̀ fún wa kí ẹ wá gba Rye Lane lọ ra ẹran o!

Akọ̀wé ẹgbẹ́