Ìṣirò Bọ̀dá

Coventry,
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé ẹ fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù kí gbogbo yín lè kó wá sí England níbí, mo sì rí ìṣirò tí Bọ̀dá, ọkọ yín, fi sọ owó tí mo ń gbà di náírà sí ìwé tí ẹ yà ní fọ́tò. Ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù lọ, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Ìṣirò wọn ò lábùkù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 yìí, £12.21 ni owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún ẹni tó ti pé ọdún 21 fún iṣẹ́ wákàtí kan níbí. Tí a bá ṣẹ́ pọ́n-ùn kan sí ₦2,000, wákàtí mẹ́ta péré ti ju ₦70,000 tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́hùn-ún ní 2024 fún odindi oṣù kan. Ta ló máa rí irú èyí tí kò ní máa wá físà? Ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé fún mi nìkan ni Bọ̀dá sọ di náírà. Wọn ò sọ èyí tó ń jáde di náírà.

Kí n tó rí owó oṣù sójú, ìjọba ti yọ owó-orí àti National Insurance, ìyẹn owó tí wọ́n ń yọ nítorí ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́ ìjọba. Nǹkan bíi £1,700 ló ń kù. Ilé gba £950 nínú rẹ̀, ká tó wá kan council tax tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ilé, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Ti iná ló máa yà yín lẹ́nu jù: yúníìtì kan ń lọ sí 26p, ó ju ₦500 lọ. Band A tí ẹ ń bú lójoojúmọ́ ò tó ìdajì ẹ̀! Súwẹ́tà méjì là ń wọ̀ nínú ilé ká tó tan hítà.

Síbẹ̀, látìgbà tí mo ti dé, mi ò ra jẹnẹrétọ̀. Mi ò gbẹ́ kànga, mi ò gbé táńkì sókè, mi ò dá owó tíráńsífọ́mà, mi ò san owó ọlọ́dẹ. Gbogbo ohun tí ẹ ní láti fowó ara yín tò kalẹ̀ kí ilé tó ṣeé gbé, mo bá a nílẹ̀ ni. Ibi tí owó yín ń gbà lọ nìyẹn, Àǹtí, kì í ṣe pé ẹ ń ná an ní ìnákúnàá bí Màámi ṣe máa ń wí.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí. Wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni. Fún àwa tó wá pẹ̀lú físà, kò rí bẹ́ẹ̀: £1,035 ni àgbà kan ń san fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gba ti gbogbo ọdún tó wà lórí físà. Èèyàn sì lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó fojú kan dókítà àgbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyàwó mi ń rọbí, kò sẹ́ni tó bi wá ní owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé. Irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Màámi ń lò, £9.90 ni wọ́n ń gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní England, iye yòówù kó jẹ́ lọ́jà. Ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún kì í san kọ́bọ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fojú bù ú pé ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà á lo nǹkan bí ọdún 54 láyé. Ti ibí ju 80 lọ. Bàámi ò pé ọgọ́ta. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èèyàn ni ẹ ní tí èmi ò ní. Bí iṣẹ́ bá dí yín, ẹ ó gbé ọmọ fún Màámi, ó parí. Nọ́sìrì tiwa ń gba £65 lójúmọ́, ìjọba ò sì ní bá irú wa dá sí i àfi tí ọmọ bá pé mẹ́ta, wákàtí 15 lọ́sẹ̀ náà ni. Nítorí náà, ọ̀sán ni ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́, òru ni èmi ń lọ sí ilé ìkẹ́rùsí. Ẹnu ọ̀nà la ti ń kíra. Òfin fún mi ní ìsinmi ọjọ́ 28 lọ́dún pẹ̀lú owó. Oorun ni mo ń fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ sùn.

Ẹ má ta ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ti gbẹ́ kànga tiyín, sólà ti wà lórí òrùlé, ẹ ti san owó ìyẹn tán. Tí ẹ bá kó wá síbí lọ́jọ́ orí yín, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fowó ra gbogbo ohun tí ẹbí àti aládùúgbò ń ṣe fún yín. Èyí tí ẹ sì sọ pé ẹ ó gba ọ̀nà ìwé kíkà wá, kí Bọ̀dá àtàwọn ọmọ tẹ̀ lé yín, wọ́n ti dí i: láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó bá wá ka máàsítà kò lè mú ẹbí dání mọ́, àfi tó bá jẹ́ ti ìwádìí, tàbí tí ìjọba bá fún un ní sikọláṣíìpù. Ti Ṣeun ọmọ wa yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kó parí yunifásítì, kó wá fúnra rẹ̀. Ọmọdé ni, kò tíì gbẹ́ kànga kankan.

Ẹ bá mi bi Màámi iye tí oògùn wọn jẹ́ lóṣù yìí. Kí wọ́n má tìtorí pé àánú mi ń ṣe wọ́n dín in kù o; iye tí olóògùn pè gan-an ni kí ẹ kọ ránṣẹ́.

Àbúrò yín,
Délé