Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi lórí àwọn ọ̀dọ́ tí a tètè pè ní ìràwọ̀

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn láti gbọ́ pé ara gbogbo yín le. Ìbéèrè tí o fi parí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì, nítorí ó gba àròjinlẹ̀. O ní kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń pariwo orúkọ wọn nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n láti ilé-ẹ̀kọ́ girama kì í di ìràwọ̀ nínú NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó ga jù ní Amẹ́ríkà, tí àwọn mìíràn kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rárá. O sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹni ọdún 15, tí àwọn ènìyàn ti ń ki àwọn òbí rẹ̀ kú oríire ṣáájú àkókò, ni ó mú ọ béèrè.

Èrò tèmi ni pé ohun tí a fi ń yin ọmọ ọdún 15 yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ikọ̀ ńlá ń tìtorí rẹ̀ sanwó fún ẹni ọdún 25, àti pé ìyàtọ̀ yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ wọn ṣubú, ju ìwà ọ̀lẹ tàbí ìgbéraga tí àwọn ènìyàn máa ń fi kàn wọ́n lọ.

Jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ara bẹ̀rẹ̀. Ara àwọn ọmọ kì í dàgbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọkùnrin tí ó bá tètè ga, tí iṣan rẹ̀ sì tètè le, yóò máa fò ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, yóò máa já bọ́ọ̀lù gbà lórí wọn, yóò sì máa tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ó ti ń lọ sábẹ́ àwọ̀n. Àwọn òǹwòran yóò pè é ní ẹ̀bùn àmútọ̀runwá, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ọdún méjì péré ni ara rẹ̀ fi ṣáájú tiwọn. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé, níwọ̀n ìgbà tí ara ń bá a ṣẹ́gun, kò sí ohun tí yóò fipá mú un kọ́ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láti òkèèrè, bí a ṣe ń fi ọwọ́ òsì darí rẹ̀, tàbí bí a ṣe ń mọ ibi tí alátakò ń lọ kí ó tó gbéra. Nígbà tí àwọn yòókù bá wá ga bá a, wọn yóò ti fi gbogbo ọdún tí wọ́n fi kúrú kọ́ ohun tí òun kò kọ́. Stephen Curry, tí ó padà di ìràwọ̀ ńlá nínú NBA, jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀. Àwọn yunifásítì tó lórúkọ jù kò du ú, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Davidson ni ó gbà á, nígbà tí ó sì di ọdún 2009 tí àwọn ikọ̀ NBA ń ṣe draft, ìyẹn ètò ọdọọdún tí wọ́n fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n yàn ṣáájú rẹ̀. Ẹni kejì tí wọ́n yàn lọ́dún náà, Hasheem Thabeet, ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, ṣùgbọ́n gíga yẹn kò tó láti sọ ọ́ di gbajúgbajà.

Wo ọ̀ràn Emoni Bates pẹ̀lú. Ní ọdún 2019, nígbà tí òun náà wà ní ọmọ ọdún 15, ìwé ìròyìn Sports Illustrated gbé àwòrán rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní ọdún 2002 fún LeBron James, tí ó padà di ìràwọ̀ ńlá. Ní ọdún 2023, òun ni ẹni 49 tí wọ́n yàn nínú draft. Lójú tèmi, kí ènìyàn wà lára nǹkan bí ogóta ọ̀dọ́ tí líìgì tó ga jù lágbàáyé ń yàn lọ́dún kì í ṣe ohun ìtìjú rárá. Ohun tí ó sọ ọ́ di ìkùnà lẹ́nu àwọn ènìyàn ni ìlérí tí ẹlòmíràn ti bá a ṣe fún gbogbo ayé nígbà tí kò tíì lè dá ìwé àdéhùn fọwọ́ sí.

Kwame Brown ni ó jẹ ìyà irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jù. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa yàn sípò kìíní tààrà láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, ní ọdún 2001, ikọ̀ Washington Wizards tí Michael Jordan ń bójú tó ètò rẹ̀ nígbà náà ni ó sì yàn án. Ọmọ ọdún 19 ni, àwọn tí ó sì ń bá kojú lójú pápá jẹ́ àgbàlagbà tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù jẹun láti ọdún gbọọrọ. O kò ṣàì mọ̀ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó lo sáà 12 nínú líìgì náà, ayò tí ó ń jẹ nínú ìdíje kan kò sì tó méje ní ìpíndọ́gba. Ẹni tí kò bá mọṣẹ́ kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni àwọn aláwàdà ń lò di òní.

Ohun kejì ni ipò tí ọmọ náà máa bá níwájú, èyí sì ni mo rò pé àwọn òbí kì í sábà rí. Níbi tí ó ti ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo bọ́ọ̀lù ń gbà kọjá. Ikọ̀ 30 ni ó wà nínú NBA, ènìyàn 15 ni ìkọ̀ọ̀kan lè fún ní àdéhùn kíkún, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì ju 450 lọ. Nínú ikọ̀ kan, ẹnì kan tàbí méjì ni wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́, àwọn yòókù sì ní láti dènà alátakò, kí wọ́n gba bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, kí wọ́n dúró sí igun pápá de ànfààní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n má sì tàsé nígbà tí ó bá dé. Gbogbo àwọn tí ó kún ipò wọ̀nyí ni wọ́n ti jẹ́ ọba ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn rí. Shaun Livingston gbà láti sọ ara rẹ̀ di ẹlòmíràn. Ẹni kẹrin ni ó jẹ́ nínú draft ọdún 2004, orúnkún rẹ̀ yẹ̀ ní ọdún 2007 débi pé wọ́n rò pé ó ti parí, ó sì padà wá di olùrànlọ́wọ́ tí ń jókòó lórí ìjókòó àwọn adípò ní ikọ̀ Golden State, ibi tí ó ti gba ife ẹ̀yẹ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí a ti yìn láti kékeré ni ìjókòó yẹn yóò dà bí ìwọ̀sí lójú wọn.

Ibi tí a bá gbé ọmọ sí náà ṣe pàtàkì. Ikọ̀ Detroit yan Darko Miličić sípò kejì ní ọdún 2003, ṣáájú Carmelo Anthony àti Dwyane Wade tí àwọn méjèèjì padà di ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ikọ̀ tí ó ti gbọ́njú, tí ó gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 2004, kò ní àyè láti fi ọmọ ọdún 18 dánrawò. Ní ọdún 2013, Giannis Antetokounmpo, tí òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ṣe ipò 15, ó sì bọ́ sí Milwaukee, ikọ̀ tí ìdíje 15 péré ni ó borí nínú 82 ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àyè láti jẹ́ kí ó máa ṣàṣìṣe lójú pápá, títí ó fi di ìràwọ̀. Anthony Bennett tí wọ́n kọ́kọ́ yàn lọ́dún yẹn lọ láti ikọ̀ dé ikọ̀, mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́rin, kò sì rí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí yóò ní sùúrù fún un.

Ti ìfarapa kò gba àlàyé gígùn. Greg Oden, ẹni àkọ́kọ́ ní ọdún 2007, ìdíje 105 ni gbogbo èyí tí orúnkún rẹ̀ jẹ́ kí ó gbá. Kò sí ìwà rere tàbí ìgbọràn tí ó lè wo ìyẹn sàn. Bí mo ti ń sọ èyí, mo rántí Hakeem Olajuwon tiwa, tí ó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ni ó ń gbá kí ó tó mọ alájùsáwọ̀n ní ọ̀dọ́langba. Kò sí ẹni tó ń pariwo rẹ̀ ní ọmọ ọdún 15, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n yàn sípò kìíní ní ọdún 1984, tí Jordan ṣe ẹni kẹta.

Nítorí náà, má ṣe dẹ́kun láti máa yin ọmọ náà, ṣùgbọ́n bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kí ó dín iye ìdíje tí ọmọ ń gbá ní ìparí ọ̀sẹ̀ kù, kí ó sì fi àkókò yẹn kún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kí ó tún béèrè lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ohun tí ọmọ náà máa ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ti dáhùn, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, nítorí èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.